Owó Oṣù Nínú Àpò Ìrọ̀rí

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Ọ̀lawọ́ jẹ́, kó wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó di ọdún kẹfà tó ti ń lọṣọ níbi iṣẹ́ wa, bàtà kan náà ló ń wọ̀. Ó ti gbé e lọ fún aránbàtà títí tí aránbàtà fi ní kó kúkú jẹ́ kí bàtà yẹn sinmi. Àmọ́ tí ẹ bá dé ilé àwọn àbúrò rẹ̀, bàtà tuntun lẹ máa rí lẹ́sẹ̀ àwọn ọmọ wọn, òun ló sì rà á. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Ọ̀lawọ́. Èébú ni mo fi ṣe, mi ò fi yìn ín. Ó gbà á, ó ń rẹ́rìn-ín, orúkọ sì mọ́ ọn lórí.

Ilé ìfọṣọ ńlá ni ibi iṣẹ́ wa. Aṣọ ibùsùn òtẹ́ẹ̀lì àti ti ilé ìwòsàn là ń fọ̀, tí à ń lọ̀, tí à ń ká. Èmi ni mo ń tọ́jú yàrá tí à ń kó èyí tó bá ti mọ́ sí. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kì í kúrò lọ́rùn mi, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Ìyá Kọ́kọ́rọ́. Ìdì kọ̀ọ̀kan ló ní páálí pélébé kan tí a so mọ́ ọn, ọjọ́ tí oníǹkan máa wá gbé e ló wà lára rẹ̀. Tí ọjọ́ yẹn ò bá tíì pé, kò sẹ́ni tó máa gbé e jáde. Ìyá ọ̀gá wa pàápàá wá lọ́jọ́ kan, ó ní kí n bá òun yọ aṣọ méjì péré nínú ìdì òtẹ́ẹ̀lì. Mo kí i dáadáa, mo gbé àga fún un, mo sì jẹ́ kó jókòó títí tó fi sú u.

Òpin oṣù ni wọ́n ń sanwó fún wa. Ṣùgbọ́n ní oṣù tó kẹ́yìn ọdún, ọ̀gá máa ń fẹ́ ti ìwé rẹ̀ kó lè lọ sinmi, nítorí náà ọjọ́ kejìdínlógún la máa ń gbowó. Inú gbogbo wa á máa dùn bí ẹni tó he owó lójú ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ a ò he é o, òógùn ara wa ni, ó kàn tètè dé ni. Tá a bá ti gba ìyẹn, ó di ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù kìn-ín-ní ká tó rí òmíràn. Ẹ bá mi kà á: ọjọ́ mẹ́rìnlélógójì. Ọdọọdún ni mo ń pariwo rẹ̀ sí wọn létí, wọ́n á ní Ìyá tún ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì ọdún tuntun, àwọn kan náà ló ń wá yá owó ọkọ̀ lọ́wọ́ mi.

Ní ọdún tó ṣáájú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá yìí, ojú Ọ̀lawọ́ rí màbo. Ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn tó gbowó, ó ti ra bàtà fún àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀ mẹ́ta, ó ti bá alábàágbé wọn san owó ilé ìwòsàn, ó sì ti yá ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì wa lówó tí ìyẹn ò tíì dá padà dòní. Kì í mutí, kì í ta tẹ́tẹ́, kì í tẹ̀ lé obìnrin kiri. Ó kàn jẹ́ pé tí owó bá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ò gbà á láti sọ pé kò sí. Nígbà tí onílé wá gba owó ilé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kò sí eépìnnì nílẹ̀.

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ tí ìyá rẹ̀ rà fún un nígbà tó parí ẹ̀kọ́ṣẹ́, òun ló tà kí wọ́n tó rí owó ilé san. Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní kí ọkọ òun jókòó, ó sì sọ fún un pé tí irú èyí bá tún ṣẹlẹ̀, òun á kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá òun, torí òun ò ní ẹ̀rọ mìíràn tí òun máa tà. Láti ìgbà yẹn, ìdí ẹ̀rọ ẹlẹ́rọ ló ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn. Ìdajì ohun tó bá pa, ti oníṣọ́ọ̀bù ni.

Nígbà tí wọ́n tún san owó ìparí ọdún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá yìí, Ọ̀lawọ́ ò dúró bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ̀ mi ló wá tààrà. Ó ti ilẹ̀kùn, ó gbé àpò ìwé tí owó wà nínú rẹ̀ ka orí tábìlì, kò tíì já a.

Ó ní, “Ìyá, ẹ bá mi dì í bí ẹ ṣe ń di aṣọ òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ fi ọjọ́ sí i lára. Tí ọjọ́ ò bá pé, bí mo sunkún, ẹ má fún mi.”

Mo wá àpò ìrọ̀rí márùn-ún tí etí wọn ti ya, tí òtẹ́ẹ̀lì ò gbà mọ́. Ọ̀kan fún owó ilé, mẹ́rin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin oṣù kìn-ín-ní. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ páálí wọn, èmi ni mo ta kókó. Ó ní èyí tó ṣẹ́kù nílé nínú owó oṣù tó ṣáájú á gbé àwọn dé òpin ọdún, bí kò bá ṣáà ti sẹ́ni tó mọ̀ pé tuntun ti wọlé. Mo bi í pé kí ló máa sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ó ní òun á ní wọn ò tíì san, pé ọ̀gá ní ó di òpin oṣù.

Inú bí mi. Mo ní ṣé orí rẹ pé, ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ lo fẹ́ fi í pa mọ́ fún. Ó ní ìyàwó òun ò mọ irọ́ pa. Tí àwọn àbúrò òun bá wá bi í, ojú rẹ̀ á tú àṣírí, tí wọ́n bá sì ti mọ̀ pé owó wà, òun ò ní lè kọ̀ fún wọn. Ó wá wolẹ̀, ó ní àti pé ojú ń ti òun láti sọ fún un pé òun, bàbá ọlọ́mọ méjì, ń gbé owó fún ìyá àgbà tọ́jú bí ọmọdé. Ó tọ́ kí ojú tì í lóòótọ́, mo sì sọ fún un bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ mo ṣèlérí pé ẹnu mi ò ní sọ ọ́ fún ẹnì kankan.

Kò ju ọjọ́ méjì lọ tó fi padà wá. Ìyàwó ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ti bímọ, ó sì fẹ́ mú díẹ̀ nínú ìdì kẹrin, ó ní ìyẹn ṣì jìnnà. Mo ní kó bá mi kí ìyá ọmọ. Kò kúrò níbẹ̀. Mo na ọwọ́ sí ìgbálẹ̀, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín lọ.

Ní ọjọ́ kẹta tí a ti ilé iṣẹ́ fún ìsinmi, mo ń sá aṣọ ara mi lẹ́yìn ilé ìfọṣọ, níbi tí yàrá tí mò ń sùn wà, nígbà tí mo rí ìyàwó Ọ̀lawọ́. Ó pọn ọmọ kékeré, ó di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó sì gbé báàgì ńlá kọ́ èjìká. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo ní kó jókòó, kò jókòó. Ó ní ìyàwó dírẹ́bà wa wá gba aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù lánàá, ó ní dírẹ́bà ti gbowó láti ọjọ́ kejìdínlógún. Òun délé, òun bi ọkọ tòun, ìyẹn wo òun lójú, ó ní wọn ò tíì san.

“Ìyá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi yín kí n tó lọ wọkọ̀,” ló wí. “Ṣé wọ́n ti sanwó?”

Kò sunkún. Ojú rẹ̀ gbẹ táútáú, ìyẹn gan-an ló já mi láyà. Ọ̀rọ̀ wá di méjì fún mi. Tí mo bá ní wọ́n ti san, mo ti da Ọ̀lawọ́, obìnrin yìí á sì wọkọ̀ lọ. Tí mo bá ní wọn ò san, mo di òpùrọ́ lójú ọmọ tó fọkàn tán mi. Inú Ọ̀lawọ́ bí mi débi pé ká ní ó wà nítòsí, ìgbálẹ̀ ọjọ́sí ì bá bà á. Wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àmọ́ bí mo bá dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ilé kan ló máa tú. Mo wá rò ó pé ẹnu mi ni mo fi ṣèlérí, kọ́kọ́rọ́ mi ò bá ẹnì kankan ṣèlérí. Mo ní kó máa tẹ̀ lé mi.

Mo ṣí yàrá tí à ń kó aṣọ sí, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù onírin, mo kó ìdì márààrún sórí tábìlì tí ọkọ rẹ̀ fi ń lọṣọ. Mi ò la ẹnu. Mo gba ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, mo sì gbé e. Ó sọ báàgì kalẹ̀, ó ń ka páálí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Owó ilé. Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní. Ọ̀sẹ̀ kejì. Ọwọ́ ìkọ̀wé Ọ̀lawọ́ tóbi bí ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé, èèyàn kan ò lè ṣì í mọ̀. Ó fọwọ́ tẹ àwọn ìdì náà, ó gbọ́ bí owó ṣe ń dún nínú wọn. Ó wá jókòó lórí báàgì rẹ̀, ẹkún sì dé.

Ó bi mí pé ìgbà wo lọkọ òun ṣe èyí. Mo ní mi ò mọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó yẹ kó mọ ọwọ́ ẹni tó kọ páálí.

Nígbà tó nu ojú tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka rẹ̀. Ó ní, “Ìyá, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ò pé oṣù o.” Mo kà á, òótọ́ ni. Ọ̀sẹ̀ kẹrin parí sí ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, ọjọ́ mẹ́ta ṣì kù lẹ́yìn rẹ̀. Èmi tí mò ń pariwo ọjọ́ mẹ́rìnlélógójì fún gbogbo ayé, mi ò rí i. Aránṣọ lòun ní tiẹ̀, kì í gé aṣọ láìwọ̀n ọ́n. Ó tú ìdì kẹrin, ó kọ̀yìn sí mi, ó fi nǹkan sí i nínú, ó kọ ọ̀rọ̀ sí páálí kékeré kan, ó sọ ọ́ sí i pẹ̀lú. Ó wá ta kókó rẹ̀ padà. Ó fa àwọn yòókù náà, ó ní kókó mi ò le tó. Ogún ọdún ni mo ti ń di ìdì níbẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ sí mi rí, ṣùgbọ́n mo gbé e mì lọ́jọ́ yẹn.

Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ọkọ òun pé òun wá. Bí mo ṣe ṣe ìlérí kejì nìyẹn. Ó pọn ọmọ rẹ̀, ó gbé báàgì, ó sì gba ọ̀nà ilé lọ.

Ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún, Ọ̀lawọ́ wá gba ìdì owó ilé àti ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Onílé dé, ó bá owó rẹ̀ nílẹ̀, ẹnu yà á. Ọ̀lawọ́ padà wá ròyìn fún mi pé ìyàwó òun gba owó, ó dúpẹ́, kò bi òun ní ìbéèrè kan. Ó ní nígbà ìsinmi pàápàá, tí àwọn àbúrò òun wá, òun gbọ́ tó ń sọ fún wọn láìṣẹ́jú pé wọn ò tíì san, pé ó di òpin oṣù. “Kò fura rárá, Ìyá,” ló wí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kò fura.

Ọ̀sẹ̀ kejì kọjá, ìkẹta kọjá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ti ń yá owó ọkọ̀ lọ́wọ́ mi, Ọ̀lawọ́ ò sí láàárín wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejìlélógún, ó wá gba ìdì tó kẹ́yìn. Ó fẹ́ tú u, kókó ò tú. Ó fi eyín fà á, kò tú. Mo fún un ní sísọ́ọ̀sì. Ó da ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí tábìlì: owó ọ̀sẹ̀ kẹrin bó ṣe kó o sí i, àti owó mìíràn tí wọ́n ká kékeré, pẹ̀lú páálí kan. Ó kà á sókè: “Oṣù yìí ní ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n.”

Ó mọ ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́. Ó ka owó náà, ó tún un kà, ó sì fi ọwọ́ lé e lórí bí ẹni tí kò fẹ́ kí atẹ́gùn gbé e.

Ó ní, “Ìyá, owó ọkọ̀ dé ìlú ìyá rẹ̀ nìyí. Ti àgbà kan àti ti ọmọ kan. Ọmọ ẹ̀yìn kì í san.”

Mo ní ìlérí méjì ló wà lẹ́nu mi, kó má bi mí léèrè nǹkan kan. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́fà, kò rẹ́rìn-ín. Ó mú áyọ́ọ̀nù, ó lọ àpò ìrọ̀rí náà gún régé, ó ká a, ó dá a padà fún mi. Ó kó owó sínú àpò. Ó ní òun fẹ́ dé ilé, òun ń bọ̀.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni. Ìdì aṣọ ilé ìwòsàn kún ilẹ̀ fún lílọ̀, àkókò àtijáde ò tíì tó. Mo yọ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn mi, mo sì ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yàrá náà fún un.