Ọjọ́ Jímọ̀ Tí Mo Gbé Ìbọn Bàbá Mi

Kékeré ni mo wà, ọmú mi kò tíì yọ tán, nígbà tí bàbá mi kọ́ mi bí a ṣe ń ki ìbọn. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kà á, ẹ má tíì lanu. Kì í ṣe irú ìbọn tí ẹ ń rí léjìká ọlọ́pàá ni mo ń wí. Ṣakabùlà ni, ìbọn ọdẹ, tí ìdí rẹ̀ jẹ́ igi, tí irin ẹnu rẹ̀ gùn, tí ó sì ga jù mí lọ nígbà náà.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn bàbá mi ti wá. Ìdílé ọdẹ ni wá, ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá mi dé Agége, kò rí igbó, kò rí ẹran, ilé iṣẹ́ ló rí. Wọ́n gbà á sí ibì kan ní Oregun tí wọ́n ti ń ṣe páànù, kó máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wọn lóru. Ó máa ń fi ara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Bàbá mi lé ẹfọ̀n, èmi ń ṣọ́ páànù. Ọlọ́run ṣeun, páànù kì í sáré." Èmi ni àkọ́bí rẹ̀. Àwọn ẹbí ní kó dúró títí yóò fi bí ọkùnrin kó tó kọ́ ẹnikẹ́ni ní iṣẹ́ ilé wọn. Ó ní ọmọ tí Ọlọ́run kọ́kọ́ fún òun ni òun máa kọ́, pé Ọlọ́run kì í ṣe àṣìṣe.

Bí mo bá ti ilé kéwú dé, yóò pè mí sẹ́yìnkùlé. Ó kọ́ mi láti wọn ẹ̀tù sí ìtẹ́lẹwọ́, kí n dà á sí ẹnu ìbọn, kí n fi àkísà tẹ̀ lé e, kí n fi ọ̀pá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni ọta, àti àkísà mìíràn tí kò ní jẹ́ kí ọta yí jáde. Ìgbẹ̀yìn ni bàbà róbótó kékeré tí òòlù ìbọn máa ń lù tí iná fi ń ṣẹ́. Ó ní òfin méjì tí kì í yẹ̀. Èkíní ni pé ìbọn kì í sùn ní yíyó nínú ilé. Kó tó kúrò níbi iṣẹ́ láàárọ̀ ni yóò ti yìn ín dànù, òfìfo rẹ̀ ni yóò gbé kọ́ ògiri. Èkejì ni ọ̀rọ̀ tí ó máa ń sọ sí mi létí bí ẹni ń kọ́ mi ní súrà: "Ìbọn tí o kò tíì yìn ni wọ́n ń bẹ̀rù. Èyí tí o bá ti yìn, ọ̀pá ni."

Ní ayé ìgbà náà, tí Iléyá bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn olè a máa kó àgbò ní gbogbo Agége. Nítorí náà ni àwọn ará àdúgbò ṣe máa ń mú àgbò wọn wá so sí àgbàlá wa. Wọ́n ní ilé ọdẹ ni, olè kò lè débẹ̀. Oníkálukú a já aṣọ tirẹ̀ sí ọrùn àgbò rẹ̀ kó lè dá a mọ̀: ẹni tó fi àdìrẹ ṣe é, ẹni tó fi etí aṣọ ìyàwó rẹ̀ ṣe é. Òórùn wọn nìkan tó láti lé àlejò padà. Bàbá mi kì í gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni fún un. Ṣùgbọ́n ó mọ̀, gbogbo wa nínú ilé sì mọ̀, pé bí ẹyọ kan ṣoṣo bá sọnù, orúkọ rẹ̀ ló sọnù ládùúgbò yẹn.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú Iléyá ni ohun tí mo fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀. Gbogbo àdúgbò ti lọ sí mọ́ṣáláṣí, tọkùnrin tobìnrin. Ìyá mi wà nídìí pọ̀nmọ́ rẹ̀ ní Oko Ọba. Bàbá mi ti wẹ̀, ó ti lọ. A kì í gbé ìbọn lọ sílé Ọlọ́run, nítorí náà ìbọn wà lára ògiri. Èmi wà nílé nítorí mo ń ṣe nǹkan oṣù, ẹni tó bá sì wà bẹ́ẹ̀ kì í kírun. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, wà nílé nítorí orúnkún. Ó jókòó sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò ní àìsàn kankan.

Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan wọ àgbàlá. Ọkùnrin mẹ́ta sọ̀ kalẹ̀ nínú jàlàbíà funfun, wọ́n dé fìlà bí ẹni ń lọ kírun. Láti ojú fèrèsé ni mo ti ń wò wọ́n. Èyí tó dà bí ọ̀gá wọn kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà.

"Ẹ káàsán, màmá. Lèmọ́mù ló ní kí a wá kó àwọn àgbò lọ sí mọ́ṣáláṣí, kí wọ́n lè wà ní abẹ́ ìbòji."

Ìyá àgbà kò gbójú sókè. "Lèmọ́mù wo?"

"Lèmọ́mù wa náà ni, màmá."

"Lèmọ́mù tó ń ṣe wáàsí lọ́wọ́ báyìí, òun ló fi wáàsí sílẹ̀ tó ń ránṣẹ́ àgbò? Ẹ̀yin tó rán, ẹ̀yin kì í kírun Jímọ̀ ni? Àbí jàlàbíà yẹn, ẹ fi ń gba atẹ́gùn ni?"

Àṣìṣe wọn nìyẹn. Wọ́n ti ṣírò pé kò ní sí ọkùnrin nílé ní àkókò ìrun, wọ́n sì múra bí Mùsùlùmí kí ẹnikẹ́ni má bàa fura. Wọn kò rò ó pé Mùsùlùmí tòótọ́ kò ní wà níbẹ̀ ní wákàtí yẹn. Ọ̀gá wọn dìde, ó fa àdá yọ lábẹ́ jàlàbíà.

"Màmá, ẹ dákẹ́, kí ẹ lè rí Iléyá jẹ."

"Èmi? Iléyá tí mo ti jẹ pọ̀ ju irun orí rẹ lọ. Gbé àdá yẹn sún mọ́ mi kí n wò ó. Hẹ̀n-ẹ́n! Ìyá rẹ kò kọ́ ọ pé a máa ń pọ́n àdá? Ọmọ ta ni ọ́ gan-an? Ohùn rẹ jọ ti ẹnì kan tí mo mọ̀."

Ó gbé ohùn rẹ̀ sókè gan-an bó ti ń sọ ọ́, ó sì ń wúkọ́ láàárín. Èmi ni ó ń bá wí. Ó mọ̀ pé mo wà nínú yàrá, ó mọ ohun tó wà lára ògiri, ó sì mọ̀ pé ìbọn wa kì í sùn ní yíyó. Àyè ni ó ń wá fún mi.

Mo sọ ìbọn kalẹ̀. Ẹ̀tù kọ́kọ́ dà sílẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo dúró, mo ka Fátíhà délẹ̀, mo tún un bẹ̀rẹ̀. Mo da ẹ̀tù sí i, mo fi àkísà sí i, mo tẹ̀ ẹ́. Mo na ọwọ́ sí ibi tí àpò ọta máa ń wà, kò sí nǹkankan. Nígbà náà ni mo rántí pé inú kóòtù iṣẹ́ bàbá mi ni àpò ọta wà, kóòtù sì wà ní Oregun níbi tó gbé e kọ́ sí láàárọ̀. Ẹ̀tù lásán ni mo ní. Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọdẹ fi ń ṣẹ̀yẹ fún òkú ọdẹ ẹlẹgbẹ́ wọn: ariwo àti èéfín, kò lè pa ẹyẹ.

Níta, wọ́n ti gbé àgbò méjì sínú ọkọ̀. Ẹ̀wà ti dà sílẹ̀ káàkiri. Ọ̀gá wọn ti di ìyá àgbà mú léjìká, àdá wà lẹ́bàá ọrùn rẹ̀, ó ní kó pa ẹnu rẹ̀ dé. Mo fi bàbà sí abẹ́ òòlù, mo ká bàbà kejì mọ́ ìró, mo so ìwo tí ẹ̀tù wà nínú rẹ̀ mọ́ ìdí, mo ní "Bísímílláhì," mo jáde.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi ìyá mi sílẹ̀, kí n má baà yìn ín."

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó dàgbà jù mí lọ, bí wọ́n sì ṣe kọ́ mi nílé nìyẹn. Òun náà rẹ́rìn-ín.

"Ẹ wo ìyàwó ọdẹ! Ta ló bá ọ ki ìbọn yẹn?"

"Èmi ni mo kì í."

Ó fi ìyá àgbà sílẹ̀, ó kọjú sí mi, ó ń bọ̀ pẹ̀lú àdá. Mo gbé ẹnu ìbọn ga díẹ̀ ju orí rẹ̀ lọ, mo yìn ín.

Bí ilẹ̀ ṣe mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi kò ṣeé sọ. Èéfín bo gbogbo iwájú ilé. Àwọn àgbò já okùn, àwọn méjì inú ọkọ̀ fò jáde, àwọn olè méjì yòókù sì fò wọlé sínú ọkọ̀ dípò wọn. Ọ̀gá wọn ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo gbọ́ tí ó ń fọwọ́ lu ara rẹ̀, tó ń wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde. Nígbà tí kò rí i, ó pariwo sí àwọn yòókù pé, "Kò bà mí! Ẹ padà wá! Ṣakabùlà ni, ẹ̀ẹ̀kan ló ń sọ!"

Òótọ́ ló sọ. Ọ̀pá ni ó wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ ó bi mí pé ṣé àwọn ará mọ́ṣáláṣí kò gbọ́ ni. Wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n ọdẹ àgbà kan wà ní òpópónà kejì sí wa tí àìsàn ti dá sórí ẹní, gbogbo ènìyàn ló sì mọ̀ pé ìbọn ọ̀sán máa ń túmọ̀ sí pé ọdẹ ti kú. Bí ìró náà ṣe dún báyìí, gbogbo mọ́ṣáláṣí ló ní "Ìnná lílláhì," tí wọ́n sì tún jókòó jẹ́ẹ́ sídìí wáàsí. Bàbá mi nìkan ló dìde. Wọ́n fà á láṣọ pé kó jókòó, pé òkú àgbà ni. Ó ní, "Òkú wo? Èmi nìkan ni ọdẹ tó kù ní àdúgbò yìí. Ta ló máa yin ìbọn òkú láìpè mí?" Ó sáré jáde, kò dúró wọ bàtà.

Gbogbo ìyẹn, èmi kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé èéfín kò tíì ká, mo sì dúró sínú rẹ̀. Mo wọn ẹ̀tù. Mo ya etí ìró mi, mo fi ṣe àkísà. Mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀tù kankan kò dà sílẹ̀ mọ́, mi ò sì mọ ibi tí ìbẹ̀rù gbà lọ. Ọlọ́run ló gbé e kúrò. Nígbà tí atẹ́gùn fẹ́ èéfín lọ, ọkùnrin yẹn ti dìde dúró, ó ti gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Ó rí mi tí mo ń fa ọ̀pá yọ kúrò lẹ́nu ìbọn. Mo fi bàbà kejì sí abẹ́ òòlù, mo gbé ìdí ìbọn lé èjìká, mo nà án sí àyà rẹ̀ gan-an lọ́tẹ̀ yìí. Mi ò ní "ẹ jọ̀ọ́" mọ́.

Láti ilẹ̀ níbi tó wà ni ìyá àgbà ti bá a sọ̀rọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń bá àna rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Máa bọ̀ nígbà náà. Èyí àkọ́kọ́, ó fi kí ọ ni. Àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́, a máa ń kí àlejò kí a tó gbé oúnjẹ fún un."

Ọkùnrin náà wo ojú mi. Lẹ́yìn náà ó wo ọwọ́ mi, ó wò ó pẹ́. Mo gbàgbọ́ títí dòní pé ọwọ́ mi ló lé e, kì í ṣe ìbọn. Ó rí i pé ẹni tó ki ìbọn báyìí mọ̀ ọ́n kì. Ó ń fẹ̀yìn rìn títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà, ó sì fò mọ́ ọkọ̀ tó ti ń sáré lọ, bàtà rẹ̀ kan kù sílẹ̀.

Kò pẹ́ ni bàbá mi wọlé, àwọn ọkùnrin àdúgbò tẹ̀ lé e. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wò mí, ó fọwọ́ kan ẹnu ìbọn tó ṣì gbóná.

"Ọta wo lo rí kì sí i?"

"Kò sí ọta, bàbá. Ó wà ní Oregun."

Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó gbé fìlà lé orúnkún. Mo rò pé ó fẹ́ sunkún. Ẹ̀rín ló bú sí. Ó yíjú sí àwọn tó tẹ̀ lé e, ó ní, "Ẹ ka àwọn àgbò yín. Bí ẹ bá ti kà á tán, kí ẹ wá wo ọmọ tí mo bí." Gbogbo àgbò pé. Ìyá àgbà nìkan ló ń ráhùn, pé àgbò ti jẹ òun ní ẹ̀wà, òun ò sì mọ ti ta ni òun yóò dì mú.

Àwọn kan ti ya lọ kí ìdílé ọdẹ àgbà yẹn kú ìrọ́jú. Wọ́n bá a níbi tó ń mu ẹ̀kọ gbígbóná. Ó ránṣẹ́ sí mi pé mo ṣeun, pé ẹni tí wọ́n bá ti yin ìbọn òkú rẹ̀ ṣáájú, ikú ti kọjá rẹ̀ nìyẹn. Ó sì tún pẹ́ láyé lóòótọ́. Ní ọjọ́ Iléyá, kò sí ilé tó pa ẹran tí kò gbé awo wá fún mi lórúkọ mi, èmi ọmọbìnrin, kì í ṣe lórúkọ bàbá mi. Àti ọjọ́ náà ni kò sí ẹbí kankan tó tún béèrè ìgbà tí bàbá mi yóò bí ọkùnrin.

Ayé ti yí. Àwọn ọmọ mi kan ń gbé ní Ìkẹjà GRA báyìí. Ògiri wọn ga, ẹ̀rọ ayàwòrán wà lórí ògiri, àgbò wọn sì wà ní ẹ̀yìn ilé tí aládùúgbò kò ti mọ àwọ̀ rẹ̀. Wọn kò níláti fi ohunkóhun síkàáwọ́ ẹnikẹ́ni. Bóyá ó dára bẹ́ẹ̀. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ìbọn ti pọ̀ nígboro ju ti ìgbà tiwa lọ, ó ń sọ léraléra bí òjò, àwọn tó gbé e kò sì jókòó ti bàbá kankan fún ọdún kan kó tó bọ́ sí wọn lọ́wọ́.

Nígbà tí mo bá sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ-ọmọ mi, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: "Màmá, ènìyàn mélòó ni ẹ pa?" Mo máa ń ní kò sí ẹnì kankan. Ojú wọn a sì rọ̀, bí ẹni pé mo gé ìtàn náà kúrú. Mi ò gé e kúrú. Ìyá àgbà jẹ oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, àgbò gbogbo àdúgbò pé, àwọn olè mẹ́ta náà sì sùn sílé ìyá tó bí wọn. Alihamdulilahi. Ẹni tó bá ti gbé ìbọn rí tó sì lè sọ irú rẹ̀, kó wá jókòó tì mí ká jọ yangàn.