Mulgarrick Méjì Péré Nínú Ìwé Fóònù

Dọ́là mẹ́ta àti sẹ́ńtì mọ́kàndínlógójì ni mo ra kábéèjì kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, kábéèjì tí kò tóbi ju orí ọmọ tuntun lọ. Mo bú ẹni tó tà á fún mi, mo rẹ́rìn-ín, mo sì sanwó. Ọlọ́jà ni mí; mo mọ̀ bí wọ́n bá ń rẹ́ mi jẹ, torí èmi náà ń rẹ́ àwọn ẹlòmíì jẹ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni mo ti bọ̀ ọ́, pẹ̀lú iyọ̀ lásán, kò sí ata, kò sí epo. Òórùn rẹ̀ jáde, ó bo ẹja gbígbẹ mọ́lẹ̀, ó bo irú mọ́lẹ̀, èyí tí kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ọmọ kan tí ìyá rẹ̀ rán wá ra gàrí di imú, ó bi mí pé kí ló kú síbí. Mi ò lè bínú sí i. Àyà tèmi náà ti ń já. Láti bí ogójì ọdún, òórùn kábéèjì bíbọ̀ kò tíì wọ imú mi rí kí àyà mi má já.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń gbé Cypress báyìí, tí ọkọ̀ yín ní yàrá tirẹ̀, ẹ jókòó kí n sọ fún yín. Greenspoint, ní Houston níbí, là ń gbé nígbà náà, lọ́dún 1985, ní apátímẹ́ǹtì alájà méjì tó yí adágún ìwẹ̀ kan ká. Owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ epo ti kó lọ, ìdajì ilé náà ṣófo. Adágún gbẹ, ọ̀pọ̀lọ́ ló ń gbé inú rẹ̀, wọn kì í sì í san háyà. Ẹ̀kọ́ ẹnjiníà ni bàbá mi wá kọ́. Náírà já, owó ilé-ìwé kò wá láti Ìlọrin mọ́, yunifásítì ní kí wọ́n máa lọ. Ọjọ́ tí yunifásítì lé wọn náà ni ìwé ìgbélùú wọn bàjẹ́. Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù ti kó wá bá wa gbé. A di mẹ́rin nínú yàrá kan: bàbá mi, ìyá mi, èmi, àti ẹ̀rù, ẹ̀rù ló sì ń sùn sí àárín. Tí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, ìyá mi á pa tẹlifíṣọ̀n, a ó dákẹ́ títí ẹsẹ̀ onítọ̀hún á fi sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Òfin ìyá mi kò ju ẹyọ kan lọ: a kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni fún ẹni tó bá mú bírò dání.

Lábẹ́ wa gan-an ni ìyá òyìnbó kan ń gbé. Wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, irun wọn funfun bí òwú, wọn ò lọ́kọ, wọn ò bímọ. Ìyá mi kò béèrè orúkọ wọn. Ta ló ń béèrè orúkọ lọ́wọ́ àgbà? Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń gbé, nítorí náà Màmá Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń jẹ́, ó parí. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ìyá mi kúnlẹ̀ kí wọn nídìí àpótí lẹ́tà, Màmá Ìsàlẹ̀ rò pé nǹkan ló já bọ́ lọ́wọ́ ìyá mi. Àwọn náà bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, àwọn méjèèjì jọ ń wá ohun tí kò sọnù. Nígbà tó yá, ó yé wọn. Wọ́n á gbọ́wọ́ lé ìyá mi lórí, wọ́n á ní kó tètè dìde kí kọnkéré má bó o lórúnkún. Ọ́fíìsì ni ìyá mi ń fọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríwéè, torí náà ọ̀dọ̀ Màmá Ìsàlẹ̀ ni mo ń dúró sí lẹ́yìn ilé-ìwé, tí mo ń jẹ kábéèjì wọn, tí mo ń sọ pé ó dùn. Irọ́ ni nígbà yẹn. Ó ti wá di òótọ́ báyìí.

Ẹ̀yin ò mọ ìwé fóònù. Ìwé ńlá kan ni, ó nípọn bí búrẹ́dì. Ọdọọdún ni wọ́n ń jù ú sẹ́nu ọ̀nà ilé kọ̀ọ̀kan, orúkọ àwọn tó ní fóònù ní Houston sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà wọn. Àwọn ará ilé wa fi ń dá ilẹ̀kùn dúró, wọ́n fi ń pa aáyán. Màmá Ìsàlẹ̀ nìkan ló ń kà á. Ọjọ́ tí tọdún yẹn dé, wọ́n fọwọ́, wọ́n wọ gíláàsì, wọ́n ní kí n wá jókòó. Wọ́n ṣí i, wọ́n fi ìka tọ àwọn orúkọ lọ sísàlẹ̀, wọn ò sì mí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mí. Mulgarrick. Méjì péré ni, lókè àwọn Mullins tó gba odidi òpó, tí àwọn Murphy sì wà níwájú tí wọ́n pọ̀ bí yanrìn. Mulgarrick N., àwọn fúnra wọn nìyẹn. Mulgarrick D., ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin nìyẹn, tí wọn ò bá sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyá wọn, lórí ọ̀rọ̀ àga kan. Àga ìjókòó lásán. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n wò mí, mo gbé e mì.

Wọ́n ní, "Tí orúkọ rẹ̀ bá ṣì wà níbẹ̀, ó wà láàyè. Ìyẹn náà tó mi."

Ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ ibi tí orúkọ náà ti ṣẹ̀ wá. Wọ́n ní Áríìṣì làwọn. Èyí tún fẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín, torí ànàmọ́ òyìnbó là ń pè ní áríìṣì nílé wa, mi ò mọ̀ pé èèyàn náà ń jẹ́ ẹ. Wọ́n ní ilé mẹ́rin péré ló ń jẹ́ Mulgarrick láyé, létí odò kan ṣoṣo, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Ireland. Mul tó wà níwájú rẹ̀, ẹni tó fárí ni, ẹni tó fi ara rẹ̀ ṣe ìránṣẹ́ fún ẹni mímọ́ kan. Orúkọ ẹni mímọ́ náà ló kù lẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rántí ohun tó ṣe mọ́. Ìgbà tó yá, ànàmọ́ jẹrà nínú ilẹ̀, ìyàn mú, ilé méjì kú tán. Bàbá bàbá wọn wọ ọkọ̀ ojú omi, ó sọ̀ kalẹ̀ ní Galveston pẹ̀lú orúkọ náà àti ṣẹ́ẹ̀tì kan. Nínú gbogbo ẹ̀ka tó bí, ẹni méjì ló ṣẹ́ kù, wọ́n sì ń bára wọn jà lórí àga.

Mo gbé ìtàn náà lọ fún bàbá mi lókè, mi ò tíì dárúkọ. Wọ́n ronú sí i, wọ́n ní, "Abdul làwọn náà ń jẹ́ nìyẹn. Ìránṣẹ́ ni Abdul náà." Wọ́n rẹ́rìn-ín, èyí tí mi ò tíì gbọ́ láti ọjọ́ tí yunifásítì ti lé wọn. Inú mi dùn dé ibi tí mo fi fẹ́ dárúkọ Màmá Ìsàlẹ̀ pátá, orúkọ wọn àti ti bàbá wọn. Ìgbátí ìyá mi bá mi kí orúkọ náà tó jáde.

Wọ́n ní, "Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni, tí o fi fẹ́ la orúkọ mọ́ wọn lórí?"

Láti ọjọ́ náà ni orúkọ yẹn ti dà bí iṣu gbígbóná lẹ́nu mi. Mi ò lè gbé e mì, mi ò sì lè tu ú.

Ọjọ́ Sátidé kan ni, ní ìparí oṣù kẹjọ, tí ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́ máa bọ́ sí Mọ́ńdè. Òórùn kábéèjì tó ń jóná ló kọ́kọ́ gun àtẹ̀gùn wá bá wa. A sáré sọ̀ kalẹ̀. Màmá Ìsàlẹ̀ wà nílẹ̀ kíṣíìnì, itan wọn ti kán, orí wọn ti lu sítóòfù, ojú wọn là ṣùgbọ́n kò rí wa. Ìyá mi gbé fóònù wọn, wọ́n pe áḿbúláǹsì. Ìgbà tí wọ́n gbé e sílẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé wa pé àwọn tó ń bọ̀ máa mú bírò dání.

Wọ́n sì mú un dání. Ọ̀kan nínú wọn kọjú sí mi, ó ní kí lorúkọ ìyá yìí. Mo wo ìyá mi. Ìyá mi wò mí. Ẹ̀yin ọmọ, òfin méjì ló pàdé lọ́nà ọ̀fun mi lọ́jọ́ náà: a kì í dárúkọ àgbà, a kì í sì í dárúkọ fún oníbírò. Mo ní, "Màmá Ìsàlẹ̀." Ó ní kí n tún un sọ díẹ̀díẹ̀. Mo tún un sọ. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n gbé wọn, ilẹ̀kùn tì gbàgà, pọ́ọ̀sì wọn àti gbogbo ìwé wọn sì wà nínú ilé.

Ní Sọ́ńdè ni Bọ̀dá Sùlé yọ sí wa, ẹni tí òun àti bàbá mi jọ ń kírun Jímọ̀, tó sì ń gbálẹ̀ ní ọsibítù náà. Ó jókòó, ó bú sẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Àǹtí mi, wọ́n ti kọ orúkọ so mọ́ wọn lọ́rùn ọwọ́: Mama Isale. Nọ́ọ̀sì ń bi mí bóyá ará ìlú wa ni. Òyìnbó pọ́ńbélé!" Ẹ̀rín náà wá kúrò lójú rẹ̀. "Wọ́n fẹ́ fi abẹ là wọ́n, wọ́n ń wá ẹbí tó máa fọwọ́ sí i. Wọn ò lè sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tó ń lọ yìí ò dáa fún wọn o. Kí lorúkọ wọn gan-an?"

Ìyá mi fọwọ́ borí. Ọdún méjì tí wọ́n fi ń kúnlẹ̀ kí obìnrin náà, wọn ò mọ orúkọ rẹ̀. Bàbá mi ní mánéjà ilé á ṣí ọ́fíìsì ní Túsìdeè, òun á mọ̀ ọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má gbé ẹsẹ̀ dé ọsibítù, bírò ló kún ibẹ̀. Èmi jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì, mo mọ orúkọ, mo sì mọ ẹ̀gbọ́n. Ẹnu mi kò ṣí. Oúnjẹ alẹ́ yẹn, ń ṣe ni mo ń yí i ká inú àwo.

Ní Mọ́ńdè, ìyá mi di aṣọ lé mi lórí, wọ́n fún mi ní kọ́tà mẹ́rin, tó jẹ́ dọ́là kan, kí n lọ sílé ìfọṣọ: mẹ́ta fún fífọ̀, ẹyọ kan fún ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ. Fóònù kan wà lára ògiri níbẹ̀, wọ́n fi ṣéènì so ìwé fóònù mọ́ ọn. Aṣọ ń yí nínú omi. Mo ṣí ìwé náà. Àwọn aláìláàánú ti fa ojú ìwé ya níbẹ̀, lẹ́tà A ti lọ, ìdajì G ti lọ. M wà níbẹ̀. Mo fi ìka tọ̀ ọ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, èmi náà ò mí. Méjì péré. Ká ní Murphy ni wọ́n, mi ò bá ṣì máa pè títí di òní. Mo ti kọ́tà tó yẹ kó gbẹ aṣọ sínú fóònù.

Ohùn kan tó le bí igi ní, "Ta nìyẹn?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, àbúrò yín wà lọ́sibítù."

"Mi ò ní àbúrò."

Mo wo ìwé náà. "Ẹ̀yin méjì péré lẹ wà nínú rẹ̀, sà."

Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Lẹ́yìn náà ló béèrè ọsibítù wo.

Mo sọ fún un. Mo ní, "Ṣùgbọ́n ẹ má béèrè Mulgarrick o, sà. Màmá Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ béèrè."

"Kí nìyẹn?"

"Ọ̀wọ̀ ni, sà."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń lọ, mi ò mọ̀ bóyá ó bínú.

Mo ru aṣọ tútù délé, omi ń sọ̀ sí mi lọ́rùn. Ìyá mi béèrè kọ́tà, mo jẹ́wọ́. Bàbá mi jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí ìbàdí ń dùn, wọ́n ní, "O pe òyìnbó tí a ò mọ̀ rí?" Ẹnikẹ́ni kò nà mí. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí jù.

Ní ìrọ̀lẹ́ Wẹ́sìdeè, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ìyá mi pa tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n tún kàn án. Ẹsẹ̀ náà kò sọ̀ kalẹ̀. Bàbá mi ti wo ibi tí bàtà wọn wà. Nígbà náà ni ohùn tó le bí igi yẹn gba ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wọlé wá, ó wọ́ lẹ́nu bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀:

"Màmá Ìsàlẹ̀."

Ìyá mi ló ṣílẹ̀kùn.

Bàbá gíga kan ni, wọ́n di fìlà mú lọ́wọ́, imú Màmá Ìsàlẹ̀ wà lójú wọn. Wọ́n ní ìgbéraga mú àwọn, Mulgarrick làwọn kọ́kọ́ béèrè, àwọn ará ọsibítù ní kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ti padà dé ìdí ọkọ̀ kí àwọn tó rántí ohun tí mo sọ. Wọ́n padà, wọ́n pe Màmá Ìsàlẹ̀, nọ́ọ̀sì mẹ́ta ló dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n fọwọ́ síwèé, àwọn dókítà là wọ́n, Màmá Ìsàlẹ̀ jí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sì jáde lẹ́nu àbúrò wọn ni pé àga ìyá àwọn dà.

Wọ́n na ogún dọ́là sí ìyá mi. Ìyá mi kọ̀ ọ́, wọ́n ní a kì í ta àgbà. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ìyá mi ronú díẹ̀, wọ́n wá ní, "Sọ fún wọn pé kọ́tà ìgbẹ-aṣọ wà níbẹ̀ ṣá." Bàbá náà tú àpò wò.

Ilé ẹ̀gbọ́n wọn ní Pasadena, lẹ́bàá Houston níbí, ni Màmá Ìsàlẹ̀ lọ gbé. Ìwé tọdún tó tẹ̀lé e, Mulgarrick méjì, nọ́ńbà kan. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó ku N. Lẹ́yìn náà, Mullins ló kù lókè òpó. Ìwé bàbá mi padà dára, ẹ̀rù kó jáde nílé wa, ìwé fóònù fúnra rẹ̀ kú. Ẹ̀yin ọmọ ń pe ọ̀gá yín lórúkọ, ẹ ń pe tíṣà lórúkọ. Ẹ máa pè é, ìlú yín nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí N. yẹn dúró fún, mi ò ní sọ ọ́ fún yín, bó tiẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó máa gbá mi létí mọ́.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù, ìyá mi tú ìdí ìró wọn, wọ́n fi kọ́tà ẹ̀gbọ́n Màmá Ìsàlẹ̀ lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ọjà. Ó ṣì wà nísàlẹ̀ dúrọ́ọ̀ mi, mi ò ná an. Gbogbo èrè tí mo jẹ lórí orúkọ Mulgarrick nìyẹn: sẹ́ńtì márùndínlọ́gbọ̀n.