Ọmọ Mi Mọ Làálì Jù Mí Lọ

Gbogbo ìgbà tí àwọn àgbà bá gbàdúrà fún mi pé kí ọmọ mi jù mí lọ, àmín tí mo máa ń ṣe kì í ṣe kékeré. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé àdúrà náà lè gbà nínú pálọ̀ mi, níṣojú mi báyìí.

Làálì ni mò ń sọ. Nígbà tí mo wà lọ́mọge nílé bàbá mi ní Ìsàlẹ̀ Gángan, èmi ni mo máa ń kun làálì fún àwọn ọmọbìnrin agbo ilé wa tí Iléyá bá ku ọ̀la. Sẹ́lótéèpù la fi ń ṣe é nígbà náà. A ó gé e wẹ́wẹ́, a ó fi tẹ ọnà sára ọwọ́, a ó wá po làálì lé e lórí. Tí a bá ṣí i, ibi tí sẹ́lótéèpù bò kò ní pọ́n, ibi tó kù á pọ́n dẹ̀dẹ̀. Ìgbà tó yá, mo lọ́kọ, mo bímọ, mo ń ta mílíìkì àti ṣúgà ní Òkè Àrin, mi ò sì fọwọ́ kan làálì mọ́ fún ogún ọdún.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ti ilé tí ṣọ́ọ̀bù mi wà pa kí wọ́n lè tún un ṣe. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jókòó sílé. Nígbà tó sú mi, mo ra làálì, mo na ẹsẹ̀ sórí ẹní, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé sẹ́lótéèpù. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tí kì í gbójú kúrò lára fóònù, dìde wá jókòó tì mí. Ó ní òun ò mọ̀ pé mo mọ nǹkan kan yàtọ̀ sí ọjà títà. Inú mi dùn débi pé mo kun ọwọ́ tirẹ̀ náà, mo sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pò ó.

Àfọwọ́fà ni, mi ò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, ó ti pa sẹ́lótéèpù tì. Ọ̀rá ló ń ká kí ẹnu rẹ̀ rí ṣónṣó, á rọ làálì sí i, á wá máa fi ya òdòdó àti ewé sọ́wọ́ èèyàn bí ẹni ń kọ̀wé. Àwọn ará àdúgbò tó rí ọwọ́ wa, tí wọ́n kọ́kọ́ ń wá kí n kun àwọn náà, bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè òun. Tí mo bá ní èmi náà wà ńlẹ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí n lọ sinmi. Mo jowú. Mi ò ní fi bò, mo jowú ọmọ tí mo fi inú mi bí. Tí wọ́n bá ń yìn ín, màá ní ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n rárá.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ so yìgì ọmọ àbúrò mi ní Lafiaji, mo ti ra sẹ́lótéèpù tuntun. Àbúrò mi pè mí, ó kí mi, ó tún mi kí, kó tó wá sọ pé ọmọ mi ni ìyàwó fẹ́ kó kun òun. Mo ní kò burú. Ó burú.

Àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú yìgì la débẹ̀. Ìyàwó ti wẹ̀, ó ti gbọ́wọ́ lé ìrọ̀rí. Ọmọ mi po làálì tó rà lọ́wọ́ ẹnì kan tí a ò rà lọ́wọ́ rẹ̀ rí, ó sì gbé abọ́ náà wá bá mi.

"Mọ́mì, ẹ bá mi gbóòórùn ẹ̀ wò. Ìyẹn ò tíì yé mi dáadáa."

Òórùn ewé tútù ni làálì tó dáa máa ń ní. Òórùn eruku ni eléyìí ní. Ó ti kú, kò lè pọ́n lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ kí abọ́ náà tó dé imú mi.

"Ó dáa," mo ní.

Wákàtí mẹ́ta ló fi tẹrí ba. Mi ò rí ọnà tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí, ìyẹn gan-an ló sì pa mí lẹ́nu mọ́. Nígbà tó gbẹ, tí wọ́n ha á kúrò, tí wọ́n fi òróró nu ọwọ́ ìyàwó, ohun tó kù níbẹ̀ kò ju àwọ̀ tíì tí wọ́n bu omi lù lọ. Ìyàwó bú sẹ́kún. Àbúrò mi wo ọmọ mi, ó wò mí, ó béèrè bóyá kò sẹ́ni tó yẹ làálì náà wò ni.

Ọmọ mi kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Mọ́mì sọ fún mi pé kò dáa. Èmi ni mi ò gbọ́."

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Mo dákẹ́. Wọ́n ránṣẹ́ ra làálì mìíràn, wọ́n sì ní kí èmi wá fi sẹ́lótéèpù kun ìyàwó, bí mo ṣe fẹ́ ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó pọ́n. Gbogbo ilé ń yìn mí, wọ́n ní àgbà ò kúkú ní tán lórí ilẹ̀. Ọmọ mi ló ń bá mi gé sẹ́lótéèpù, ó ń nà án sí mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyìn yẹn korò lẹ́nu mi.

Ọjọ́ kẹta, a ti padà sílé, mo lọ bá a lórí ẹní níbi tó ti ń ká ọ̀rá. Mo ní kó kọ́ mi bó ṣe ń ṣe é. Kò gbójú sókè.

"Ẹ kọ́kọ́ bẹ̀ mí ná, Mọ́mì."

Láti ọjọ́ tí mo ti bí i, mi ò bẹ̀ ẹ́ rí. Mo bẹ̀ ẹ́.