Ìwé Ìrìnnà Àbẹ̀kẹ́ Tí Wọn Kò Dá Padà

Ohun tí a pàdánù kò ju ìwé márùn-ún lọ: ìwé ìrìnnà ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àbẹ̀kẹ́, ìwé àyè tí ìjọba fi ń jẹ́ kí ènìyàn jáde ní ìlú, káàdì aláwọ̀ ìyeyè tí ó fi hàn pé ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, lẹ́tà ilé-ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí ní Dákà, àti bíyẹ́, ìyẹn tíkẹ́ẹ̀tì, ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀. A pàdánù wọn ní pápá ọkọ̀ òfuurufú Kútọnù, ní ojúmọmọ, lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tí ó wọ aṣọ ìjọba. Olè kọ́ ni ó jí wọn. A kò sì gbàgbé wọn sínú tàksí. Ọwọ́ ara wa ni a fi kó wọn fún ẹni tí ó ní kí a kó wọn wá, kò sì dá wọn padà títí di òní olónìí.

Òórùn tí ó máa ń mú òwúrọ̀ ọjọ́ náà padà wá sí mi lọ́kàn ni ti irin ìlọṣọ eléèédú. Bàbá mi ti jí ṣáájú gbogbo ilé, ó ń lọ ẹ̀wù funfun tí ó máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Èéfín èédú àti òórùn aṣọ tútù tí iná ń gbẹ kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Àjàṣẹ́, afẹ́fẹ́ ọ̀sà sì ń fẹ́ wọlé díẹ̀díẹ̀. Ní ẹ̀yìnkùlé, ìyá mi ń di ẹja gbígbẹ àti gààrì sínú àpò fún Àbẹ̀kẹ́, bí ẹni pé kò sí oúnjẹ ní Dákà. Àbẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ jókòó sórí àpótí, ó ti wọ bàtà tuntun, kò sì fẹ́ fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ kí eruku má baà bà á. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Èmi jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá.

Ó ti tó ọdún mẹ́ta nígbà náà tí àwọn ológun ti gba ìjọba Dahomey tí wọ́n sì pe ohun tí wọ́n ṣe ní Ìyípadà. Ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, kí a tó wọ kíláàsì, a máa ń tò ní ìlà, a ó na ìkúùkù sókè, a ó sì pariwo pé ìjà ń tẹ̀síwájú. Olùkọ́ ní kí a máa pe ara wa ní kàmáráàdì, ó sì sọ fún wa pé láti ìsinsìnyí lọ, ọmọ akọ̀wé àti ọmọ apẹja yóò gba ẹ̀tọ́ kan náà ní bíróò ìjọba èyíkéyìí. Mo gba èyí gbọ́ pátápátá. Ẹ̀yin tí a jọ tò ní ìlà yẹn mọ̀ pé n kò purọ́: gbogbo wa ni a gbà á gbọ́.

Akọ̀wé ni bàbá mi. Fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, láti ayé àwọn Faransé, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti to dòsíyè. Yóò kó àwọn ìwé ọ̀ràn kan jọ, yóò gún etí wọn ní òkè lápá òsì, yóò ti okùn tí a fi ìda pa bọ inú ihò náà, yóò sì ta á ní kókó mẹ́ta. Ó máa ń sọ pé, "Ìwé tí ó bá ń dá rìn ni í sọnù." Bí ó ti ń ṣe ní bíróò náà ni ó ń ṣe nílé. Ìwé ìbí wa, ìwé ilẹ̀, àbájáde ìdánwò wa, gbogbo rẹ̀ ni ó wà ní rírán.

Ìyá mi kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ ìrìn àjò. Aláṣọ ni. Ó máa ń gba Sèmè kọjá lọ sí Èkó, kò sì sí aṣọ́bodè tí kò tíì tú ẹrù rẹ̀ rí. Ó fi àjákù aṣọ rán àpò kékeré kan fún Àbẹ̀kẹ́, onílé méjì, tí a lè so mọ́ ìbàdí lábẹ́ bùbá. Ó ní èyí tí wọn yóò máa béèrè ní gbogbo ìgbà ni kí ó wà nítòsí ọwọ́, ní ilé iwájú. Èyí tí a kò ní lò títí a ó fi dé ọ̀hún ni kí ó wà ní ilé ẹ̀yìn, mọ́ ara. "Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí," ni ó ń wí bí ó ti ń rán an.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tí ó ṣáájú ìrìn àjò náà ni bàbá mi gbé abẹ́rẹ́ àti okùn rẹ̀ jáde. Nígbà tí ìyá mi rí ohun tí ó fẹ́ ṣe, ó dúró lé e lórí.

"Bàbá Àbẹ̀kẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rán wọn pọ̀."

"Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ìwé ìjọba kì í ṣe owó ọjà tí à ń dì sábẹ́ ìró."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí ẹyọ kan wá, ṣé odindi ìdílé ni yóò dìde tẹ̀ lé e ni?"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó sì rán wọn. Ó gún etí èèpo ìwé ìrìnnà pàápàá, ó so ìwé mẹ́rin yòókù mọ́ ọn, ó ta kókó mẹ́ta. Ó rẹwà lójú mi. Ìyá mi kò jiyàn mọ́. Ó kàn pè mí sẹ́yìn, ó ní kí n da orúkọ, nọ́ńbà àti ọjọ́ tí ó wà nínú ìwé ìrìnnà náà kọ sí ojú ewé tí ó kẹ́yìn nínú kàyé ilé-ẹ̀kọ́ mi. Mo kọ ọ́ dáadáa, mo sì fi rúlà fa ìlà sí i nídìí.

A dé Kútọnù kí oòrùn tó mú. Bàbá mi gbé dòsíyè náà sí ọwọ́ ọ̀tún bí ẹni gbé Bíbélì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó wọ kakí jókòó sí ìdí tábìlì. Ìwé àyè nìkan ni ó béèrè, ó fẹ́ lu òǹtẹ̀ sí i. Ó fà á, kò já. Ó yí i, kò yí.

"Bàbá, ṣé aṣọ ni ẹ pe ìwé ìjọba ni, tí ẹ fi gbé e fún télọ̀?"

Àwọn tí ó tò sẹ́yìn wa bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin kan ní, "Ẹ béèrè bóyá ó kù díẹ̀ kí ó fi bọ́tìnnì sí i!" Bàbá mi tún ọ̀fun rẹ̀ ṣe. "Ọmọ mi, bí a ti ń ṣe dòsíyè nìyẹn. Ìwọ náà á kọ́ ọ."

Ìyá mi ti na ọwọ́, ó fẹ́ fi eyín já okùn náà. Bàbá mi gbá a lọ́wọ́ mú: kò ní bójú mu níwájú òṣìṣẹ́. Ní ìṣẹ́jú yẹn ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà dìde, ó ní òun yóò gbé gbogbo rẹ̀ lọ fún ọ̀gá òun nínú yàrá.

"Ọmọ dáadáa," ni ìyá mi wí, "kọ nǹkan fún wa tí a ó fi gbà á padà."

Ó wo ìyá mi láti òkè dé ilẹ̀. "Ìyá, ṣé ẹ kò fọkàn tán Ìyípadà ni?"

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ̀ pé ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lè gbé ènìyàn dé ẹ̀wọ̀n lọ́jọ́ wọnnì. Bàbá mi ni ó dáhùn kíákíá: "Rárá o, kàmáráàdì. Máa gbé e lọ." Ó yíjú sí ìyá mi, ó ní, "Òṣìṣẹ́ ìjọba bíi tèmi ni." Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wọlé, ilẹ̀kùn sì tì.

A dúró. Wọ́n pe àwọn èrò Dákà lẹ́ẹ̀kínní, wọ́n pè wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Bàbá mi kan ilẹ̀kùn náà, wọ́n ní kí ó ní sùúrù. Obìnrin tí ó fi wá ṣẹ̀sín gan-an ti kọjá, ó sì wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tí ó fẹ́ bẹ̀bẹ̀. Láti ojú fèrèsé ni a ti rí i tí ọkọ̀ òfuurufú náà gbéra. Àbẹ̀kẹ́ kò sunkún. Ó bọ́ bàtà tuntun náà, ó kó o sínú àpò gààrì. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ẹlòmíràn ni ó jáde. Ó ní ẹni tí ó wà níbẹ̀ láàárọ̀ ti parí iṣẹ́, ó ti lọ, òun kò sì rí dòsíyè kankan.

Ilé-ẹ̀kọ́ Dákà ti fún Àbẹ̀kẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì péré lẹ́yìn ọjọ́ ìwọlé láti dé; bí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, àyè rẹ̀ bọ́. Bàbá mi lọ sí Kútọnù ní ọjọ́ kejì, ó lọ ní ọjọ́ kẹta, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀wù lílọ̀. Wọ́n ní wọ́n ń yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Wọ́n béèrè ẹ̀rí pé ìwé ìrìnnà kan tilẹ̀ wà. Ó mú ojú ewé tí mo kọ jáde. Wọ́n ní ìkọ̀wé ọmọdé kì í ṣe ẹ̀rí níwájú ìjọba, wọ́n sì jù ú sínú agbọ̀n ìdọ̀tí. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Kí oṣù méjì tó pé, wọ́n yí orúkọ orílẹ̀-èdè padà, Dahomey di Benin. Nígbà tí bàbá mi tún lọ, ẹni tí ó wà lórí àga rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ìwé ìrìnnà Dahomey ni à ń wá, orílẹ̀-èdè yẹn kò sì sí mọ́, kí ni a fẹ́ fi ìwé rẹ̀ ṣe? Láti ọjọ́ náà, bàbá mi kò lọ mọ́. Kò dárúkọ Dákà mọ́ títí ó fi kú.

Àbẹ̀kẹ́ di olùrànlọ́wọ́ ní ilé ìgbẹ̀bí kan ní Akpro-Missérété, nítòsí Àjàṣẹ́. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ó fi ń gbọn omi, tí ó ń fọ aṣọ ẹ̀jẹ̀, tí ó ń di ọwọ́ aboyún mú, nígbà tí àwọn ọmọbìnrin tí kò tó ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ orí ń pàṣẹ fún un nítorí pé wọ́n ní ìwé. Mo ti rí agbẹ̀bí tí ó sá jáde ní yàrá wá pè é, tí ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ọmọ náà fẹsẹ̀ síwájú." Ó wọlé, ó gbẹ̀bí, ó jáde. Orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n kọ sínú ìwé. Ó ti fẹ̀yìntì báyìí, ó ń gbé ní Djègan-Kpèvi, ní Àjàṣẹ́.

Èmi di olùkọ́, mo sì ti wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí ìlú òkèèrè níye ìgbà. Ìwé ìrìnnà mi kì í sí nínú ẹrù tí a ń kó sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Àyà mi ni ó ń wà, níbi tí ọwọ́ mi ti lè kàn án láìwò. Àwọn ìwé yòókù wà ní ọ̀tọ̀ nínú àpò ọwọ́, ẹ̀dà gbogbo wọn sì wà lọ́dọ̀ ìyàwó mi nílé. Bí òṣìṣẹ́ kan bá ní òun yóò gbé e wọ yàrá, mo máa ń béèrè orúkọ rẹ̀, mo sì máa ń sọ pé n ó dúró síbi tí mo ti lè máa rí i. Wọ́n ń bínú sí mi. Ọmọ ọdún mọ́kànlá yẹn rò pé ẹni tí ó bá wọ aṣọ ìjọba, òtítọ́ ni ó wọ̀. Àgbàlagbà yìí mọ̀ pé aṣọ ni. Ṣùgbọ́n ó dùn mí pé ìṣọ́ra ni mo kọ́, n kò kọ́ bí a ṣe ń gba ẹ̀tọ́ padà.

Fún ọdún púpọ̀ ni a fi ẹ̀bi náà lé orí bàbá mi àti okùn rẹ̀. Ó tó. Okùn kọ́ ni ó gbé dòsíyè wọ yàrá. Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Mo ń béèrè ní gbangba: ìwọ tí o jókòó sí ìdí tábìlì náà, ta ni o gbé e fún? Ìwọ ọ̀gá inú yàrá, kí ni o fi ṣe? Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ fún bàbá mi pé ẹ ń yẹ̀ ẹ́ wò, kí ni ẹ rí? Ẹ kò lè ti kú tán. Ẹ dáhùn nígbà tí Àbẹ̀kẹ́ ṣì lè gbọ́ yín.