Ẹnu Ìyá Mi àti Rọ́bà Dókítà

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ aláìsàn ni mo dì mú lọ́jọ́ tí ikùn èmi fúnra mi dá mi lóró. Awakọ̀ tírélà tó ń kó sìmẹ́ńtì láti Ìbèṣè ni ọkùnrin náà. Dókítà ti ti rọ́bà dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, mo sì ń sọ fún un pé kó rọra máa mí. Àfi bí nǹkan ṣe lọ́ mi nínú bí ẹni ń fún aṣọ. Mo tẹ̀ kòlòbà, orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ti aláìsàn.

"Nọ́ọ̀sì Ṣìdí, ta ló ń ṣàìsàn níbí gan-an?"

"Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ, sà."

Nílé ìwòsàn wa ní Ìlaròó, rọ́bà yìí la fi ń wo inú èèyàn. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó dúdú, iná àti kámẹ́rà wà lórí rẹ̀. A ó tì í gba ẹnu wọ inú ikùn, ohun tó bá wà níbẹ̀ yóò sì hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Iṣẹ́ tèmi ni kí n di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, kí n fa itọ́, kí n sì fọ rọ́bà náà lẹ́yìn tí a bá yọ ọ́. Àwọn kan a máa bì. Èébì a ta sí mi lójú, a wọ inú ìbọ̀wọ́. Síbẹ̀ mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Tí mo bá ti sọ fún aláìsàn pé "ó ti parí o," ojú rẹ̀ a máa wù mí í wò.

Àwẹ̀ tí mò ń gbà ni mo ka ìrora náà sí. Ọkọ mi, tó jẹ́ tíṣà, ní ata ni. Ìyá mi ní oyún ni. Oyún kẹ̀! Dókítà ò gba ọ̀kankan, ó ní kí n ṣe àyẹ̀wò ìgbẹ́. Kòkòrò àìfojúrí kan ni wọ́n rí, irú èyí tó máa ń dá ọgbẹ́ sínú ikùn. Itọ́, èébì, omi tí kò mọ́, ibẹ̀ ló ń gbà ràn.

"Ṣé lára àwọn tí mo ń dì mú ni mo ti kó o?"

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ ilé. Ẹ kó àwọn ará ilé wá."

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi ò ní in. Ìyá mi ní in. Àjọkẹ́ ọmọ mi, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta, ní in.

"Ìyá Àjọkẹ́," ni ọkọ mi wí, "fi yàrá rọ́bà yẹn sílẹ̀. O ti ń kó àìsàn wálé."

Kí n tó fèsì, Dókítà ti ń bi Màmá bó ṣe ń bọ́ ọmọ. Màmá ò fi bò. Láti ìgbà tó ti wá láti Ìmẹ̀kọ wá bá mi tọ́jú Àjọkẹ́ ló ti ń jẹ ẹran fún un: á rún un lẹ́nu títí á fi kúnná, á yọ ọ́, á fi sí ọmọ lẹ́nu. Bí ìyá tiẹ̀ náà ti ń ṣe nìyẹn. Nígbà tí Màmá rí i pé ẹnu òun là ń wò, ó fi ìborùn bò ó.

Bí a ṣe délé ló bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù.

"Màmá, níbo lẹ ń lọ?"

"Ìmẹ̀kọ. Kí ẹnu mi má baà pa ọmọ yín."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ṣìdí, ẹnu yìí náà ni mo fi jẹ ẹran fún ìwọ. Ṣé o kú?"

Ó bú sẹ́kún. Èmi náà sunkún, n ò sì mọ èyí tí mò ń sun. Àbí mo ti ní in kí n tó mọ ohun tó ń jẹ́ nọ́ọ̀sì? Àbí èmi ni mo gbé e láti yàrá rọ́bà wá ràn wọ́n? Mo padà lọ bi Dókítà. Ó ní kò sẹ́ni tó lè sọ. Ó tún ní Àjọkẹ́ ò nílò oògùn báyìí, níwọ̀n ìgbà tí nǹkan kan ò ṣe é, ká ṣáà máa ṣọ́ ọ. Ẹ gbà mí o! Ohun tó fẹ́ pa ìyá, ọmọ ń bá a ṣeré. Orí mi dàrú pátápátá.

N ò lè jẹ́ kí Màmá fi ìtìjú lọ. Mo bá sọ ohun tí n ò mọ̀ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n: "Màmá, ibi iṣẹ́ ni mo ti kó o. Èmi ni mo kó o ràn yín."

Ó tújú ká. Ó tú ẹrù rẹ̀ palẹ̀. Ó wá ní, "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, fi iṣẹ́ burúkú yẹn sílẹ̀!"

"Àmín," ni ọkọ mi wí láti pálọ̀.

Ẹ ò rí i bí mo ṣe fẹnu ara mi kó bá ara mi?

N ò fi í sílẹ̀ ṣá. Mo yọ ọ̀gá wa lẹ́nu títí wọ́n fi ra ìbòjú oníke àti ìbọ̀wọ́ tó gùn dé ìgúnpá. Èmi àti Màmá jọ lo oògùn náà, èyí tó ń mú ẹnu korò bí ewúro; gbogbo ìgbà tó bá gbé e mì ló ń sọ pé, "Iṣẹ́ Ṣìdí." A tún àyẹ̀wò ṣe, kòkòrò náà ti kúrò lára àwa méjèèjì. Ó ṣì wà lára Àjọkẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì tuntun a máa bi mí pé, "Àǹtí, níbo lẹ ti kó o gan-an?" Mo máa ń ní kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ wọn.

Ọ̀bẹ ni Màmá fi ń gé ẹran fún ọmọ báyìí. Láìpẹ́ yìí, a ń jẹun, ó ń ráhùn pé ẹran náà yi, pé eyín ń dun òun. Àjọkẹ́ wò ó. Ó ju ẹran sẹ́nu, ó rún un, ó rún un, ó yọ ọ́, ó nà án sí i.

"Màmá, ẹ jẹ."

Màmá gbà á. Ó dì í mú, ó wò mí bí ẹni ń tọrọ àyè. Mo yíjú sí ìkòkò ọbẹ̀.