Ìyá Àgbà Gbẹ́sẹ̀ Lé Áyọ́ọ̀nù Mi Lọ́jọ́ Yìgì

Ìyá ìyá mi ò jẹ́ kí n lọ aṣọ ìgbéyàwó mi lónìí!

Áyọ́ọ̀nù oníná tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ń bà wọ́n lẹ́rù. Mo bá ṣírò rẹ̀ fún wọn kí ọkàn wọn lè balẹ̀.

"Ìyá, fóltì òjìlérúgba ni, áńpíà mẹ́rin ló sì ń fà. Ẹ sọ fóltì yẹn di ìlọ́po mẹ́rin, agbára rẹ̀ jẹ́ wọ́ọ̀tì òjìdínlẹ́gbẹ̀rún. Ẹ pín fóltì kan náà sí mẹ́rin, ìdènà rẹ̀ jẹ́ òómù ọgọ́ta."

Wọ́n fò sókè. "Agbára òjìdínlẹ́gbẹ̀rún, ìdènà ọgọ́ta péré? Ta ni yóò dá a dúró tó bá bínú?"

Ni wọ́n bá jókòó lé áyọ́ọ̀nù.

Bùbá rírún ni mo wọ̀ lọ síbi yìgì nísàlẹ̀ Màpó. Ìyàwó wò mí: "Ṣé ewúrẹ́ ló jẹ aṣọ yín tó tún pọ̀ ọ́ ni?"

Ẹ bá wa dá a: ta ló jẹ̀bi, èmi ni àbí Ìyá?