Tẹlifíṣọ̀n Màmá Garside Ń Sọ̀rọ̀, A sì Ní Ó Wà Láàyè

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nínú oṣù Kẹwàá ọdún 1971 yìí, ni Màmá Nellie Garside kú sórí àga rẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì la tó mọ̀. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni, ilé kánsù, ìyẹn ilé ìjọba ìbílẹ̀, la jọ ń gbé, òkè orí wa gan-an ni tirẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ kò dákẹ́, a sì ń gbọ́ ọ.

Kí n tó bínú sí ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ìyàwó tuntun ni mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré rèé tí èmi àti Clifford ṣègbéyàwó, inú mi sì ń dùn débi pé tí mo bá ti gbọ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo ti ń rẹ́rìn-ín kó tó wọlé. Inú mi ṣì ń dùn bí mo ṣe ń kọ èyí sí ìwé ìròyìn yín. Ojú ń tì mí pé ó ń dùn.

A kò tíì ní tẹlifíṣọ̀n. Ti Màmá la fi ń mọ aago. Tí ìròyìn ìrọ̀lẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, mo mọ̀ pé Clifford ti wọ bọ́ọ̀sì. Tí orin eré aago méje ààbọ̀ bá dún, a ó gbé oúnjẹ kalẹ̀. Ìròyìn aago mẹ́sàn-án á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà eré apanilẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà orin orílẹ̀-èdè tí wọ́n fi ń parí ètò, àti ẹsẹ̀ Màmá tó ń wọ́ lọ sídìí ògiri láti fa okùn iná yọ.

"Ọkùnrin inú tẹlifíṣọ̀n ló ní ká máa yọ ọ́ ká tó sùn," ó sọ fún mi lọ́jọ́ tó pè mí wá mu tíì. "Mi ò gbọ́rọ̀ sí ọkọ mi lẹ́nu tó báyìí rí." Ó ti bisikíìtì sọ́wọ́ mi. "Jẹ ẹ́, ìyàwó tuntun. O ti ń rù. Àbí oúnjẹ tí ìwọ fúnra rẹ ń sè lò ń jẹ?"

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, orin ń lọ lókè. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: orin tí wọ́n máa ń fi sábẹ́ àwòrán kan tí kì í mira, nígbà tí kò bá sí ètò kankan. Ta ló ń jókòó wo ìyẹn? Clifford wá jẹun ọ̀sán, ó ní, "Àwòrán yẹn ni Màmá wá yó ìfẹ́ fún báyìí? Kò ní fẹ́ ẹ o." A rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, a fi igi ìgbálẹ̀ gbá àjà. Tẹ́lẹ̀, Màmá á dín ohùn rẹ̀ kù, á sì fẹsẹ̀ janlẹ̀ padà láti fi bú wa. Lọ́tẹ̀ yìí kò janlẹ̀ rárá. A ní olóríkunkun ni.

Ṣùgbọ́n kánsù ń sanwó fún Ọ̀gbẹ́ni Pickersgill láti máa wo àwọn àgbà ilé wa láràárọ̀. Mo bi í ní ọjọ́ Ẹtì bóyá ó kanlẹ̀kùn.

"Kí ni mo fẹ́ kanlẹ̀kùn fún? Tẹlifíṣọ̀n ń lọ. Èèyàn kì í da ẹni tó ń wo ètò láàmú."

"Ètò wo ló wà láago mẹ́wàá àárọ̀, sà?"

Ó ṣí ìwé tó fi ń kọ ohun tó bá rí sílẹ̀ hàn mí. Nínú ìwé rẹ̀, Ọjọ́rú: àlàáfíà ni. Ọjọ́bọ̀: àlàáfíà ni. Ọkùnrin tó ń gbé mílíìkì káàkiri ló rí i pé ìgò ti di mẹ́ta lẹ́nu ilẹ̀kùn Màmá, òun ló pe ọlọ́pàá. Ọ̀gbẹ́ni Pickersgill ti ré ìgò wọ̀nyẹn kọjá.

Kánsù dá wa lóhùn pé àwọn tẹ̀ lé ìlànà. Ìlànà wo? Pé kí wọ́n máa fi etí ka àwọn arúgbó láti ọ̀ọ̀dẹ̀? Tí rédíò bá ń kọrin nínú ibojì, ṣé wọn á kọ àlàáfíà síbẹ̀ náà?

Mo fẹ́ kí wọ́n ka ìwé yẹn sókè ní gbangba, kí ẹni tó buwọ́ lù ú àti ọ̀gá tó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ dìde dúró. Mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni má kọ àlàáfíà mọ́ láìrí ojú. Ẹ sì kọ orúkọ tiwa mọ́ tiwọn: Glenda àti Clifford Hebblethwaite, fúláàtì kẹrin. Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá ló wà láàárín àwa àti Màmá, a kò gun ẹyọ kan.